Ẹ̀kọ́ Ìtàn àti Ìwé Kíkọ ní Yunifásítì: Ohun Tí Ó Kan Ìlú Wa Nínú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tí a bá rò pé yóò ṣe ìlú ní àǹfààní. Ọ̀nà ọkọ̀, omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti ilé ìwòsàn, gbogbo wọn ni ẹgbẹ́ ti ń jà fún láti ọjọ́ tí ó ti wà, a kò sì gbọdọ̀ ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbé wá sí ìpàdé rí, tí a kò ná kọ́bọ̀ lé lórí rí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ohun náà ni ìtàn ìlú wa. Àwọn tí ó sì lè bá wa gbà á sílẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì ni.

Lọ́dọọdún ni a ń rí ọmọ kan tàbí méjì nínú wọn tí ó máa ń wá sílé pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí yóò máa ti agbo ilé kan bọ́ sí èkejì, tí yóò máa bi àwọn àgbà léèrè pé: Níbo ni ẹ ti ṣẹ̀ wá? Ta ni ó kọ́kọ́ tẹ ọjà yìí dó? Ní ayé ọba wo ni a mọ odi ìlú? Àwọn kan a dá a lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àwọn mìíràn a ní amí ni, wọ́n ní àwọn tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa ni ó rán an. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní, “Ọmọ tí ó yẹ kí ó kọ́ iṣẹ́ dókítà, ìtàn àlọ́ ni ó lọ ń kọ́.” Nítorí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni a ṣe yan kókó tí a yàn lónìí, kí a lè jọ mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe, kí a sì mọ ohun tí àwa pàápàá yóò pàdánù bí a bá lé e padà.

BÍ WỌ́N TI Ń KỌ́ Ọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rántí bí a ti kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré. Olùkọ́ a kọ orúkọ àti ọdún sí ara pátákó, ọmọ a kọ́ ọ sórí, a sì kà á jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹni tí kò bá fi ọ̀kan sílẹ̀ ni ó ń gba ipò kìíní. Ẹ̀kọ́ ìtàn ti yunifásítì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ìwé kíkọ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó yé ẹlòmíràn, tí kò sì lè fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, a kò kà á sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, bí ó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ogun Kírìjì ṣe àpẹẹrẹ, ogun tí ó wà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Olùkọ́ yunifásítì kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó ròyìn ogun náà. Ohun tí yóò bi í ni pé: Kí ni ó dé tí ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà lé e lórí ní ọdún 1886, kò fi tú ká tán títí di ọdún 1893? Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ka ìwé Àlùfáà Samuel Johnson. Bí ó ti ń kà á ni yóò máa rántí pé Johnson fúnra rẹ̀ jẹ́ òjíṣẹ́ tí ó ru ìwé àti iṣẹ́ láàárín àwọn tí ń wá àlàáfíà nígbà ogun náà, àti pé Ọ̀yọ́ ni ó ti ń wo ọ̀ràn náà. Lẹ́yìn èyí, yóò ka ìwé tí S. A. Akintoye, ọmọ Èkìtì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1971 lórí ogun àti ìṣèlú ilẹ̀ Yorùbá láti 1840 sí 1893. Yóò tún wá ìwé tí àwọn ìjọba Èkó kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò náà. Nígbà tí ó bá ti gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì ni yóò tó jókòó láti kọ tirẹ̀. Àwọn baba wa kò ha ti sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni?

Nígbà tí ó bá sì ń kọ ọ́, gbogbo ohun tí ó bá wí ni ó ní láti fi orísun rẹ̀ hàn ní ìsàlẹ̀ ojú ewé: ìwé wo, ojú ewé mélòó, ta ni ó sọ ọ́, ọjọ́ wo ni ó sọ ọ́. Bí akápò ẹgbẹ́ wa ti ń mú ìwé-owó jáde fún olùyẹ̀wò owó, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òpìtàn ṣe ń fi ìsàlẹ̀ ìwé jíhìn. Olùkọ́ yóò gba iṣẹ́ náà, yóò sì fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé: “Ta ni ó sọ èyí? Báwo ni o ṣe mọ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kò bá ti òkè mu.” Yóò dá a padà fún akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tún un kọ. Àtúnkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì jù lọ. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu lásán, a lè fi ẹ̀rín bo ibi tí kò dá wa lójú mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, ibi tí ó lù yóò hàn sí gbogbo ayé, àti sí ẹni tí ó kọ ọ́ pẹ̀lú.

IBI TÍ Ọ̀NÀ YÌÍ TI WÁ

Ọ̀nà ìkọ́ni yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì tí ń jẹ́ Leopold von Ranke (1795 sí 1886). Ó máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ sí àpérò, wọn a kó ìwé àtijọ́ síwájú, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò bí adájọ́ ti ń yẹ ẹlẹ́rìí wò, olúkúlùkù a sì mú ohun tí ó kọ wá fún àwọn yòókù láti tú palẹ̀. Láti Jámánì ni àṣà yìí ti tàn dé àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ mu nínú omi náà ni W. E. B. Du Bois, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó kàwé ní Berlin láti 1892 sí 1894. Ní ọdún 1895 ni Yunifásítì Harvard fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kí ni ó kọ ìwé lé lórí? Bí a ti ṣe fi òpin sí kíkó ẹrú láti Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà ni. Ó lọ tú ìwé òfin àti àkọsílẹ̀ ìjọba, ó sì kọ ohun tí ó rí níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹnu lásán ni ó fi ń jà fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1948 ni a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ àbójútó Yunifásítì ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìtàn àwọn òyìnbó àti ti ìjọba wọn ni ó gba ipò iwájú nínú ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike wà lára àwọn tí ó yí i padà. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1950, ìwé rẹ̀ lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè ẹnu odò Ọya sì jáde ní ọdún 1956. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà kún ìwé àkọsílẹ̀ àwọn òyìnbó. Dike yìí kan náà ni ó ṣe agbátẹrù bí a ti ń kó àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ jọ, tí Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Orílẹ̀-èdè fi wà ní Ìbàdàn títí di òní. Ní ọdún 1955 ni a dá Ẹgbẹ́ Àwọn Òpìtàn Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1956 ni Saburi Biobaku bẹ̀rẹ̀ sí í darí ètò ìwádìí lórí ìtàn àwọn Yorùbá, ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn sì jáde ní ọdún 1957.

Ní ọdún 1963, gbajúmọ̀ òpìtàn kan ní Yunifásítì Oxford, Hugh Trevor-Roper, sọ̀rọ̀ ní gbangba pé Áfíríkà kò ní ìtàn kan tí a lè kọ́ ju ti àwọn òyìnbó tí ó wá síbẹ̀ lọ, pé òkùnkùn ni ìyókù. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ènìyàn wa wọra. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn kò fi ariwo dá a lóhùn, ìwé ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ní ọdún 1964, ìwé J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá jáde. Ní ọdún 1965, ti Ajayi lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde. Ní ọdún 1966, ti E. A. Ayandele tẹ̀ lé e. Ìwé tí ó ní ẹ̀rí ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ jà á níyàn ní láti lọ ka ohun tí wọ́n kà.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ó ti ṣáájú yunifásítì. I. B. Akinyele, tí ó padà jẹ Olúbàdàn láti 1955 sí 1964, ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá láti ọdún 1911. Ti Samuel Johnson ni ó sì kọ́ wa lọ́gbọ́n jù. Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Òǹkọ̀wé kú ní ọdún 1901 láìfojú rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àjákù àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ, tí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí a tún fi ránṣẹ́ ní ọdún 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e nítorí ogun àgbáyé, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí Johnson kò bá fi àwọn àjákù wọ̀nyí sílẹ̀ ní ilé, kí ni à bá rí kà lónìí? Ìwé tí ó bá ní ẹ̀dà kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró.

ÀRÒKỌ ÌPARÍ Ẹ̀KỌ́

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ó ń ti agbo ilé kan bọ́ sí èkejì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kì í gba oyè láìkọ àròkọ gígùn kan ní ọdún tí yóò jáde. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń yàn ni ìtàn ìlú wọn: oyè jíjẹ, ọjà, oko kòkó, ìjọ Kristẹni tàbí ìmọ̀le bí wọ́n ti ṣe dé ìlú, iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ tàbí ti àwọn aláró. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ kọ ìwé kékeré láti fi ṣàlàyé ìbéèrè tí ó fẹ́ dáhùn. Olùkọ́ tí ń tọ́ ọ sọ́nà yóò gé e kúrú, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ọdún kan kọ gbogbo ìtàn ìlú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí Ilé Ìpamọ́ Ìwé láti wá ìròyìn tí àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ nípa agbègbè rẹ̀, pàápàá ti àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba ń fi ìwádìí mọ bí a ti ń ṣàkóso ìlú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bá ẹ̀yin àgbà.

Bí ẹ bá rí i pé ó bèèrè orúkọ yín, ọjọ́ orí yín, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti ọjọ́ tí ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Kì í ṣe ti owó orí. Àwọn yunifásítì ni ó ní kí ó to orúkọ gbogbo àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ẹ̀yẹ ni. Orúkọ bàbá tí kò lọ sí ilé ìwé rí yóò wà nínú ìwé yunifásítì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀mọ̀wé gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Arọ́bá ni baba ìtàn.

A sì fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ èyí: ẹ má ṣe rò pé ààfin àti ilé àwọn baálé nìkan ni ìtàn wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bolanle Awe, obìnrin tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Oxford, kọ ìwé ní ọdún 1974 láti fi hàn pé oríkì jẹ́ ẹ̀rí ìtàn. Karin Barber pẹ̀lú, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé láàárín àwọn ará Òkukù, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde ní ọdún 1991 lórí oríkì tí àwọn obìnrin ìlú náà ń ké. Ẹ wo àwọn ìyá wa tí ó jókòó sí ọ̀tún yìí. Ogun tí a jà, ẹni tí ó kú sí i, ẹni tí ó kó ẹrú bọ̀, ìlú tí a ti sá wá, gbogbo rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń fi kí ọmọ wọn ní òwúrọ̀. Ta ni ó ti bi wọ́n léèrè?

ÀWỌN ÀTAKÒ TÍ A Ń GBỌ́

Àwọn òbí máa ń bi wá pé: iṣẹ́ wo ni ìtàn yóò fún ọmọ wa? Ẹ wo àwọn tí a ti dárúkọ. Dike di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, Biobaku àti Ajayi di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó ní ìgbà tiwọn, Ayandele di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Calabar. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́rin wá ẹ̀rí, tí ó mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí àhesọ, tí ó sì lè kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ kí ó yé ènìyàn, ilé iṣẹ́ ìjọba ń wá a, ilé ìwé ìròyìn ń wá a, ilé ẹ̀kọ́ ń wá a, bí ó bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà lẹ́yìn náà, ó ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ìlú pàápàá ń wá a. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, ta ni à ń sá kiri láti wá?

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ó sì sọ ọ́ níwájú Kábíyèsí nítorí a mọ̀ pé etí tí yóò gbọ́ ọ ni ó wà níbí. Ọmọ wa kan fẹ́ kọ àròkọ rẹ̀ lórí bí a ti ń jọba ní ìlú yìí. Agbo ilé kan ní bí kò bá kọ ọ́ bí àwọn ti sọ ọ́, kí ó má ṣe tún tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́. Agbo ilé kejì náà sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀, ó lọ kọ ìtàn ìlú ẹlòmíràn. Ìlú náà ti ní ìwé lónìí, tiwa kò sí. Ta ni ó jèrè?

Ẹ̀yin baba wa, akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe afọbajẹ, ìwé rẹ̀ kì í sì í ṣe ìdájọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ pé: báyìí ni agbo ilé ti òkè sọ, báyìí ni ti ìsàlẹ̀ sọ, báyìí ni ajẹ́lẹ̀ kọ ọ́, ibi tí wọ́n ti bára wọn mu nìyí, ibi tí wọn kò ti bára wọn mu nìyí. Bí ẹ̀rí kò bá tó, kí ó kọ ọ́ pé kò tó. Bí ẹnìkan bá ní òtítọ́ lọ́wọ́, kí ni ó ń bà á lẹ́rù nínú kí a kọ ti ẹnìkejì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀? Ohun tí a bá sì fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wa kò ní pamọ́ títí. Àwọn tí kò mọ̀ wá ni yóò kọ ọ́ fún wa, a ó sì máa bínú kiri lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àtakò kẹta kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ènìyàn ní àwọn kan nínú yín kì í kọ iṣẹ́ yín fúnra yín, pé ẹ ń da ti ẹlòmíràn kọ, pé ẹ ń fi owó rà á, àti pé ní ayé òde òní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ẹ ń ní kí ó bá yín kọ ọ́. Èyí tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gba oyè, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ kò bá bàbá àgbà jókòó lábẹ́ igi odán, kò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti yí padà nígbà tí ó dé orí ọ̀rọ̀ ogun. Ohun tí a kò tíì kọ sílẹ̀ níbìkan kò sí níbi tí ẹ̀rọ yóò ti rí i. Ìtàn ìlú kékeré bíi tiwa, ẹnu àwọn àgbà ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Bí ẹ kò bá lọ gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí yóò bá yín gbọ́ ọ.

ÌDÍ TÍ KÒ FI GBỌDỌ̀ DI ỌJỌ́ MÌÍRÀN

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkèèrè lè má mọ̀ pé láti nǹkan bí ọdún 2009 ni a ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ti girama ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2018 ni àṣẹ jáde pé kí a dá a padà, ìjọba àpapọ̀ sì tún kéde ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2022. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó dàgbà láìjókòó ní kíláàsì ìtàn rí. Àwa olùkọ́ ni a mọ bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó. Ní apá kejì, àwọn tí ó mọ ìtàn náà lórí ń lọ. Ẹ ka ìsìnkú àwọn àgbà tí ẹgbẹ́ yìí fi aṣọ ẹgbẹ́jọdá ṣe ní ọdún mẹ́ta sí ìsinsìnyí. Ẹ bi ara yín pé nínú wọn, ti ta ni a kọ sílẹ̀ kí ó tó lọ? Àwọn ọmọ kò kọ́ ọ, àwọn àgbà ń gbé e lọ. Àárín méjèèjì ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dúró sí.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Èkíní, kí Akọ̀wé ẹgbẹ́ máa fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń kọ ìwé lórí ìlú wa ní lẹ́tà, kí ààfin sì rán onísẹ́ sí àwọn baálé pé kí wọ́n gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, kí ó má sì sí ẹni tí yóò sọ ohun tí yóò kọ fún un.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ san owó ẹ̀dà mẹ́ta ìwé bẹ́ẹ̀: ọ̀kan fún ààfin, ọ̀kan fún ilé ìkàwé girama wa, ọ̀kan fún ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí a sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka òkèèrè. Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀ràn Johnson.

Ẹ̀kẹta, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi kọ àwọn àròkọ wọ̀nyí. Ẹni tí ó sọ ìtàn kò lè kà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ bá ràn lọ́wọ́ kọ kókó rẹ̀ ní Yorùbá fún ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí, kí a sì kà á sétí àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ti gbọ́ àṣìgbọ́, wọn yóò tún un ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwa olùkọ́ ti ṣetán láti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì wa kọ ojú ewé kan ní ọdún lórí agbo ilé rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un sí ìsàlẹ̀. Kí ẹgbẹ́ fi ẹ̀bùn sí i. Kí ẹ̀bùn náà má ṣe jẹ́ ti ẹni tí ó yin agbo ilé rẹ̀ jù, bí kò ṣe ti ẹni tí ó mú ẹ̀rí wá jù.

Ẹ̀karùn-ún ni ti gbogbo wa. Àwọn ìwé ìpàdé àtijọ́ ti ẹgbẹ́, ìwé ìrìbọmi ìjọ, ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀, lẹ́tà àwọn baba wa, ìwé-owó kòkó, fọ́tò tí a kò kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ má ṣe tà wọ́n fún àwọn tí ń fi ìwé pọ́n àkàrà àti ẹ̀pà mọ́. Ẹ kó wọn wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nítòsí yín ní Kew, ìwé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. sì wà ní Yunifásítì Birmingham. Ọmọ wa kò lówó ọkọ̀ òfuurufú láti lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìsinmi yín lè fún un ní ojú ewé tí kò lè rí ní Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ̀kọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò béèrè ilé alájà mẹ́wàá lọ́wọ́ ìlú. Ohun tí ó béèrè ni ìlẹ̀kùn tí a kò tì, àpótí tí kò jò, owó ìdìwé, àti ìgboyà láti jẹ́ kí a kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀. A fi àbá márùn-ún wọ̀nyí lélẹ̀ níwájú ìpàdé, a sì bẹ̀ yín kí ẹ dìbò lé wọn lórí kí a tó tú ká lónìí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa gòkè. Kí ó dá àwọn àgbà wa sí títí tí a ó fi gbọ́ tán lẹ́nu wọn.